Òjò Tí Bàbá Chizuru Fi Aṣọ Ìyàwó Rẹ̀ Tẹ̀

Bí ẹ bá dé etí odò Asano ní Kanazawa, tí ẹ dárúkọ olóògbé Kuwahata, bàbá Chizuru, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni bóyá ẹ ti gbọ́ ti aṣọ ìyàwó rẹ̀.

Àwòrán títẹ̀ ni iṣẹ́ bàbá náà: kó na sìlíkì mọ́ férémù, kó dí ibi tí kò fẹ́ kí ọ̀dà gbà, kó wá fi rọ́bà fa ọ̀dà gba ibi tó kù sórí ìwé. Lọ́dún kan, òjò ló fẹ́ tẹ̀, òjò wẹliwẹli tí í rọ̀ sórí odò wa lóṣù kẹfà. Sìlíkì ọjà kò fẹ́lẹ́ tó. Ó bá ṣí àpótí ìyàwó rẹ̀, ó yọ kimónò sìlíkì fífẹ́lẹ́, aṣọ ìbílẹ̀ wa fún ìgbà ooru, tí ìyá obìnrin náà fún un nígbà ìgbéyàwó, ó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́, ó sì nà án mọ́ férémù.

"Bàbá Chizuru, kimónò mi dà?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ìyá Chizuru kò pariwo. Ológbò ló ń bá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko. "Sọ fún bàbá yẹn pé ìrẹsì ti jinná." Ọkọ náà á kọjú sí ológbò: "Bá mi kí ìyá ẹ, pé mo dúpẹ́. Kí o sì bá mi bi wọ́n bóyá òjò mi dáa." Ìyá á kàn máa bu ìrẹsì lọ. Àwọn èèyàn ń ti Tokyo wá ra àwòrán yẹn, ṣùgbọ́n bàbá kò ka ìyẹn sí. Ẹnu obìnrin kan ṣoṣo ló ń wò.

Ó wá kimónò òmíràn tó máa fi rọ́pò rẹ̀ lọ sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tó wà nílùú, ó sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ó ní, "Kò sí èyí tó dáa tó èyí tí mo gé." Àbí kí lẹ máa fi irú èèyàn yìí ṣe?

Nígbà tó yá, ó gé ìwé bí ẹni gé kimónò, ó bá ìyàwó rẹ̀ mu rẹ́gí, ó sì tẹ òjò náà sí i láti ọrùn dé ìṣẹ́tí.

"Ó yá, aṣọ yín rèé."

"Ṣé ìwé ni kí n wọ̀ jáde?"

"Bí òjò ò bá ti rọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá kó tó mọ̀. Bí ìjà ṣe parí nìyẹn. Kò wọ aṣọ ìwé náà o, ara ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló gbé e kọ́ sí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, bàbá á bi í: "Ìyá Chizuru, ṣé òjò mi dáa?" Ìyá á ní, "Ó tutù." Kò jẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá kú ní ìgbà òtútù tó kọjá. A ń to ohun tó fẹ́ràn sínú pósí rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe, ni Chizuru, ọmọ wọn, bá gbé férémù tí kimónò náà wà lára rẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ gbà á padà.

"Aṣọ mi nìyẹn. Bàbá ẹ ti gé e lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì."

A rẹ́rìn-ín lójú òkú, kó má bínú sí wa. Ìyá wọ ilé ìdáná lọ, ó sọ aṣọ ìwé kalẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ó fi bo ọkọ rẹ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó sì rọra tún etí aṣọ náà ṣe.

"Ẹ wọ̀ ọ́, Bàbá Chizuru. Òjò ò sí lọ́hùn-ún."

Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, mo yà kí Ìyá Chizuru. Ó ti fọ férémù náà mọ́, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ń gba inú sìlíkì rẹ̀ wo odò. Ológbò ilé, ọmọ ọmọ ti ìjọ́sí, jókòó tì í. Ìyá kò tíì mọ̀ pé mo wọlé.

Ó ń sọ fún ológbò náà jẹ́jẹ́ pé, "Sọ fún bàbá yẹn pé òjò ẹ̀ dáa."