Àpọ̀n Ìyálé Mi

Mo rántí ìgbà tí èèrà ń tọ ọkọ mi lẹ́yìn. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, kò pẹ́ lẹ́yìn tí ìbọn òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú tí ọ̀nà sì là fún oníṣòwò gbogbo. Ibikíbi tó bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, kí ilẹ̀ tó gbẹ, èèrà ti pé jọ síbẹ̀. Ó ní, "Ọlá ló pọ̀ lára mi. Èèrà é è tọ olòṣì lẹ́yìn." Èmi ìyàwó kékeré, tí mo rò pé ọgbọ́n ti tán sí mi lórí, mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ fi ń yangàn létí odò. Ẹ wo ohun ìyangàn!

Ìyálé mi, ọmọ Màkún-Omi, kò bá wa yọ̀. Àtọ̀gbẹ ló pa bàbá tó bí i, ó sì mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀: òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, ẹran ara tó ń gbẹ. Ó lọ ṣa èso òro lóko, ó fọ́ ọ, ó sá kóró inú rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Òun ni à ń pè ní àpọ̀n. Ó ní kí ọkọ wa máa jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ kíki lójoojúmọ́, kí iyán rẹ̀ má ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ. Àpọ̀n kò ní lé àrùn náà lọ, ó ní, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kó rọra.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọbẹ̀ tó bá ń fà, òkèlè ló ń pè. Ọkọ mi gba oògùn tọkàntọkàn. Ó ní bí oògùn bá pọ̀, ohun tí yóò gbé e wọnú gbọ́dọ̀ pọ̀. Iyán bá di ìlọ́po méjì. Mi ò rí aláìsàn tó fẹ́ràn ìtọ́jú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí kùkùté gún un lẹ́sẹ̀, tí egbò náà kọ̀ tí kò jinná, ìyálé mi kó iyán kúrò níwájú rẹ̀ pátápátá. Ọbẹ̀ nìkan ló gbé kalẹ̀. Ọkọ mi figbe ta, ó ránṣẹ́ pe mọ̀lẹ́bí. Olórí ẹbí jágbe mọ́ obìnrin náà: "O fẹ́ febi pa ọkọ rẹ? Uyán é è pa ọmọ Ìjẹ̀bú rí!"

Ìyálé mi wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rà. Ọbẹ̀ ni oògùn, òkèlè ni àrùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ìyàwó ilé máa gúnyán fún ọkọ wa bó ṣe fẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn tiwa jókòó pé, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn wọ́ ọ.

Kí òjò ọdún náà tó dá, ọkọ mi kú. Ó yó kó tó kú, ìyẹn ni mo lè sọ. Wọ́n jẹ iyán níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọbẹ̀ ìyálé ló pa á. Ẹ̀sùn yẹn kò kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí ó fi wọlẹ̀.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ikú ọkọ wa, olórí ẹbí yọ́ wọlé wá bá ìyálé mi láàárọ̀ kùtù, òun nìkan. Ó ti rù. "Ìyàwó wa," ó ní, "àpọ̀n ọjọ́sí yẹn, ṣé ó ṣì kù?" Ó ń jẹ ẹ́ láìsí iyán, ó sì pẹ́ láyé. Kò fìgbà kankan sọ ohun tó ń jẹ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti darúgbó báyìí, ó ṣì ń dùn mí. Ká ní èmi ni, ǹ bá da ọbẹ̀ náà lé e lórí. Ìyálé mi lọ àpọ̀n náà kúnná, ó sè é, ó sì kúnlẹ̀ gbé e fún un.