Bí Ilà Ṣe Padà Sẹ́rẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Oòrùn ojú fèrèsé wa ní Richton Park, nílùú òyìnbó níbí, ló ba fọ́tò olóògbé bàbá mi jẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo tí màmá mi gbé wá láti ilé. Ojú bàbá ti funfun débi pé ilà àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Lọ́jọ́ kan màmá mi ní, "Mi ò rántí ojú ọkọ mi dáadáa mọ́." Ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀ pé àrùn ìgbàgbé fẹ́ máa ṣe màmá.

Mo gbé fọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n tẹ tuntun fún mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti nu ilà kúrò, wọ́n rò pé ibi tí fọ́tò ti ha ni. Ẹni tí kò rí ilà rí, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Síbẹ̀ mo pòṣé títí mo fi délé. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ta ni bọ̀dá yìí?" Wọ́n sì dá a padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Lọ́jọ́ tí mi ò ní shift níbi iṣẹ́ mi ní Evanston, mo skáànù fọ́tò àtijọ́ náà sínú kọ̀ǹpútà. Mo ṣe kópì rẹ̀, mo gbé e lé e lórí bíi léyà kejì, ìyẹn ìpele tó wà lókè. Kọ̀ǹpútà ní oríṣiríṣi ọ̀nà tó fi ń da ìpele méjì pọ̀. Tó bá wà ní Normal, ti òkè á kàn bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Mo kọ́kọ́ tẹ Screen. Yéè, bàbá tún funfun sí i! Ìmọ́lẹ̀ ni Screen ń kó jọ. Multiply ló ń kó dúdú jọ, bí ìgbà tí èèyàn ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì pọ̀ sójú wíńdò: ibi tó funfun pátápátá á wà bó ṣe wà, àmọ́ ibi tí dúdú díẹ̀ bá ṣẹ́ kù sí, á ki sí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Imú yọ. Mo fi kópì mìíràn lé e, ilà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mi ò fọwọ́ ara mi fa nǹkan kan o, ohun tó wà níbẹ̀ náà ni.

Mo pe màmá. Wọ́n fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá lójú kọ̀ǹpútà.

"Ilà tó wọ́ yìí," wọ́n ní, "ìyá bàbá yín sọ fún mi pé ṣe ni bàbá yín gbọnrí lábẹ́ abẹ nígbà tó wà lọ́mọdé, ni olóòlà bá ṣì í kọ. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tínú bá ń bí i."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé mi. Ara tù mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ.