Bàbá Kò-Dá-Mi-Lójú

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni bàbá yìí ti ń tún fìríìjì ṣe, títí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ ní Kò-Dá-Mi-Lójú. Wọn kì í tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tí wọ́n á ti ní, "Bàbá, gáàsì ẹ̀ ló tán." Kí fìríìjì ṣáà ti má tutù, gáàsì ló tán. Bàbá á ní kò dá òun lójú. Á yẹ púlọ́ọ̀gì wò, á yẹ wáyà wò, á gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá mọ́tò ń kùn. Nínú mẹ́wàá, ekukáká ni gáàsì fi ń tán nínú méjì.

"Ẹnu oníbàárà kì í ṣe tẹ́sítà," ló máa ń wí.

Yàrá méjì ló ń gbé, òun nìkan. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún méje. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí kó jáde lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, kò sì padà wá. Bàbá a máa tan rédíò sílẹ̀ kí ohùn ènìyàn lè wà nínú ilé. Ó ń dùn ún gan-an, kì í kàn sọ ọ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olùkọ́ obìnrin kan jókòó ti fìríìjì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo bí bàbá ṣe ń dán an wò. Iṣẹ́ náà wú u lórí.

"Bàbá, ẹ wá bá àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá lè ro nǹkan báyìí, kò sóhun tí ò ní lè rò já. Ọmọ tiyín á ti gbọ́n jù."

"Ọ̀kan ni mo bí. Ó lóun ò fẹ́ rójú mi mọ́."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Àbúrò mi ló sọ ọ́ fún."

"Ṣé ẹ wá bi í pé kí ló dé?"

Bàbá gbé tẹ́sítà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò bi í rí. Ẹ wo ọkùnrin tí kò ní gba oníbàárà gbọ́ lórí wáyà lásán. Ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ló gbà lórí ọmọ bíbí inú rẹ̀. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: òun gan-an ló máa ń pa òwe yẹn fáwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Nígbà tí olùkọ́ lọ, ó jókòó sórí àpótí, ó pe nọ́ńbà ọmọ náà.

"Bàbá ẹ ni."

"Ẹ káàsán, bàbá."

"Ṣé lóòótọ́ lo sọ pé o ò fẹ́ rójú mi mọ́?"

"Mo sọ ọ́. Ọjọ́ kejì tá a sin màmá lẹ ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ wọn nínú yàrá. Inú bí mi. Mo rò pé ẹ máa wá bi mí."

"Mo rò pé o ti kúrò nílùú."

"Oṣù méjì ni mo fi wà nílé ọ̀rẹ́ mi, ilé aláwọ̀ ewé tó wà ní ìkòríta. Mo máa ń jókòó sójú wíńdò láàárọ̀."

Bàbá mọ ilé náà. Iwájú rẹ̀ ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.