Àgbọn Kan ní Etí Kánáà

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Kúlísúmù rí i. Àgbọn. Ewé mẹ́ta péré, gíga rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, ó dúró ní igun oko tó kángun sí kánáà, níbi tí ebè ewédú ti parí. Ẹnì kan ti fi àbọ̀ búlọ́ọ̀kù mẹ́rin yí i ká kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ tutù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ín ni.

Ó pẹ́ tí Kúlísúmù ti dé igun yẹn gbẹ̀yìn. Òjò kò jẹ́, orúnkún kò jẹ́. Ó dúró ti àgbọn náà, kò fọwọ́ kàn án. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ oko olóko. Bẹ́ẹ̀, oko bàbá rẹ̀ ni.

Ẹni tí kò dàgbà ní Abúlé Tẹ̀tẹ̀ lè máa béèrè pé kí ló wà nínú àgbọn kan. Kò mọ̀ ni. Ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin ẹ̀fọ́. Ó lè gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ilá, ata, ohunkóhun tí yóò kú kí ọdún méjì tó yípo. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Igi a máa pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú baálẹ̀, ohun kan ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi àwọn tó ń du ilẹ̀: ta ló gbin igi ibẹ̀?

Ojú Kúlísúmù ti rí i rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ yá ọkùnrin kan ní ilẹ̀ wọn tó wà lójú títì, níbi tí ilé wọn àtijọ́ wà kó tó wó. Ọkùnrin jẹ́jẹ́. Kì í wo àgbà lójú. Ó gbin ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbin ọ̀pẹ kan, ó ní nítorí òjìji ni. Lẹ́yìn náà, mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀ rí i, ó dákẹ́, ojú ń tì í láti bá èèyàn jẹ́jẹ́ jà. Lónìí, ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Géètì dúdú. Ajá tí kì í sùn. Bí ọmọ onílẹ̀ bá dúró níwájú rẹ̀ kó sinmi díẹ̀, mégáàdì á yọjú, á ní ta ni wọ́n ń wá.

Ohun tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan. Ẹ̀yìn Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá ni abúlé náà wà: mọ́sálásí kan, ṣọ́ọ̀ṣì onípáànù kan, ilé bí ogójì, àti oko. Kúlísúmù ti ń ru ẹ̀fọ́ jáde níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ilé Festac ṣì ń rùn ọ̀dà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, agbọ̀n tẹ̀tẹ̀ lórí, ó ń kan ilẹ̀kùn láti òpópónà kan dé èkejì. Àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba á ní ẹ̀fọ́ rẹ̀ ń rùn ẹrẹ̀, wọn á sì rà á tán. Ẹ̀fọ́ náà ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Òun ló fi sin ọkọ. Nígbà yẹn, oko lọ títí ojú fi kọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkọ̀ oníyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà Mazamaza wọlé, wọ́n ń da yanrìn sínú àbàtà, àbàtà ń di ilẹ̀, ilẹ̀ ń di ògiri. Ti etí kánáà nìkan ló kù fún Kúlísúmù àti àbúrò rẹ̀, Jẹ̀lílì. Bí èyí bá tún lọ, wọ́n di ayálégbé nínú ìlú tí baba wọn tẹ̀ dó.

Ìyẹn ló wà nínú àgbọn kan.

Hàmídù ló ń ro ilẹ̀ náà. Ará Ṣakí. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí, láti ìgbà tí orúnkún kò ti jẹ́ kí Kúlísúmù lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Kò sí Iléyá kan tí kì í gbé iṣu àti àkùkọ wá fún ìṣákọ́lẹ̀, kì í dúró kí wọ́n béèrè. Bó bá rí Kúlísúmù lọ́ọ̀ọ́kán, ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń pàdé rẹ̀. Títí di Mọ́ńdè yẹn, Kúlísúmù kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó má yìn ín.

Láti Mọ́ńdè yẹn, gbogbo ìwà rere náà yí ojú padà. Kí ló dé tó fi ń dọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ta ló bẹ̀ ẹ́ kó fọ kànga lọ́dún tó kọjá? Ṣé oore ni, àbí ó ń tún ilé ara rẹ̀ ṣe? Ó sì rántí ọjọ́ tí ọkùnrin náà bi í, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé níbo gan-an ni ààlà wa pẹ̀lú àwọn ará ọ̀hún. Ààlà wa. Kò kà á sí nígbà yẹn. Ó ń kà á sí báyìí.

Ó lọ sọ fún Margaret, obìnrin Ègùn tó ń yan ẹja ní ilé kejì. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ń pa iná ọ̀rọ̀ ló gbé e lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àgbọn ló máa ń kọ́kọ́ dé," ni Margaret wí, ó ń yí ẹja padà lórí ààrò. "Ẹ jẹ́ kí oṣù yìí parí, ẹ máa rí géètì."

"Ó ti fi búlọ́ọ̀kù yí i ká."

"Búlọ́ọ̀kù ti dé?" Margaret gbé ẹja tọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ kí onílẹ̀ tuntun, kó má di pé mi ò mọ èèyàn í kí."

Jẹ̀lílì, tó ń ta táyà ní Mile 2, gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó ní kí ló le níbẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n òun pe ọkùnrin náà kó bi í. Kúlísúmù kọ̀. Ẹni tí a bá bi léèrè ti mọ̀ pé a rí òun, á lọ wá ọgbọ́n míràn dá. Bàbá wọn dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ bàbá wọn fọ́jú. Tòun ní ojú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Hàmídù. Ewúro ló ń já, bí ẹnikẹ́ni bá bi í. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ewúro.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó rí i pé àgbọn ni Hàmídù kọ́kọ́ ń bomi rin, kó tó kan ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ tó ń bọ́ ọ ń dúró de igi tí kò tíì so. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Kí ló ń bá ilẹ̀ onílẹ̀ sọ? Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ìyàwó rẹ̀ dé. Hidaayah. Ó pọn ọmọ wọn, Tawheed, ọmọ oṣù mẹ́rin. Kúlísúmù mọ ọmọ náà; ó gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n háyà ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, ó sì wúre fún un. Hidaayah kúnlẹ̀, ó tu koríko ìdí àgbọn. Nígbà tó ṣe tán, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ó dúró bẹ́ẹ̀, kí ọmọ lè rí i láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí ni ọmọ oṣù mẹ́rin fẹ́ wò lára àgbọn? Wọ́n ti ń fi ogún hàn án.

Kúlísúmù kò sùn dáadáa mọ́. Oúnjẹ ò lọ. Ó ń kà wọ́n lọ́kàn: bàbá, ìyá, ọmọ, igi. Ìdílé ti pé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Hàmídù lọ kírun ní Festac. Kúlísúmù mú ọkọ́. Ó ṣe bísímílà kó tó jáde nílé, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìkà lòun. Ó gbé àwọn búlọ́ọ̀kù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra bẹ̀rẹ̀ sórí orúnkún tó ń dùn ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ yí àgbọn náà ká. Tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ló fẹ́ kó jáde. Ó fà á. Ó tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tún sọ ọkọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè tú ilẹ̀ ibẹ̀.

Ọkọ́ ro kóo.

Ìkòkò amọ̀ ni. Kékeré, ọmọrí rẹ̀ dé mọ́ ọn, wọ́n fi aṣọ funfun dì í lọ́rùn. Kì í ṣe igi nìkan, àbí? Wọ́n ti ri nǹkan mọ́ ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi ètè bá sọ̀rọ̀ nìyí. Oògùn ni wọ́n fi ń de onílẹ̀ lẹ́nu kó má lè sọ̀rọ̀, òun náà sì ti dákẹ́ láti Mọ́ńdè, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ sí ọmọrí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i."

Hidaayah ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó pọ̀n ń sùn, orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí lẹ rì mọ́ ilẹ̀ bàbá mi?"

"Ibi ọmọ ni. Ibi Tawheed ni, Màmá."

Kúlísúmù gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọrí.

Hidaayah kò sunkún. Ó kàn ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí tipẹ́. Pé àfẹ̀mọ́jú lòun bímọ, nọ́ọ̀sì sì gbé ibi ọmọ lé Hàmídù lọ́wọ́ nínú ọ̀rá. Pé ilé tí àwọn ń gbé, láti ẹnu géètì dé ògiri ẹ̀yìn, kọnkéré ni. Kò sí ibi tí ṣíbí lè wọ̀. Pé lańlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n sọ ọ́ sínú ọkọ̀ akólẹ̀, ṣebí bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn. Hàmídù ní ti ọmọ òun kọ́, ọmọ òun kì í ṣe pàǹtí. Ó kó o sínú ìkòkò, ó gbé e sínú garawa, ó ń rìn kiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Gbogbo ilẹ̀ tó mọ̀ ní Èkó tí ọkọ́ lè wọ̀, èyí tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí ni. Kúlísúmù kò sì sí nílé lọ́jọ́ náà; òkú ni wọ́n lọ sin ní Badagry. Ó rì í. Ó gbin àgbọn lé e lórí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì kọ ebè síbẹ̀, kí ajá má hú u.

"Ó mọ̀ pé àwa kì í gbin igi, Màmá. Ó ní bí òun bá sọ, ẹ máa lé wa. Bí òun ò bá sọ tẹ́ ẹ wá rí i, ẹ máa lé wa. Ó wá ń bomi rin ín."

Kúlísúmù wo ìkòkò. Ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ tí wọ́n hú ibi rẹ̀: kò ní í níbi ìsinmi, a máa rìn káàkiri ayé bí ewé orí omi. Ọwọ́ òun ló hú u. Ó sì mọ ibi tí tòun wà. Ìyá rẹ̀ fi hàn án nígbà tó wà ní kékeré, lẹ́yìn balùwẹ̀ ilé àtijọ́. Géètì dúdú ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Ajá ló ń ṣọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ohun kejì náà òtítọ́ ni, kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ri ibi ọmọ mọ́ ni èèyàn ń pè ní ilé. Lọ́jọ́ kan, ọmọ yìí á dàgbà, wọ́n á bi í pé ọmọ ibo ni ọ́, á sì na ìka síbí. Oògùn kọ́ ni wọ́n rì. Ó le ju oògùn lọ.

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ bo ìkòkò náà, ó tẹ̀ ẹ́ kó le. Kò jẹ́ kí Hidaayah bá a ṣe é. Àgbọn ní tiẹ̀, ó fi àpò tútù wé e, ó gbé e lọ sílé. Ó ní kí Hàmídù wá rí òun láàárọ̀ ọ̀la.

Láàárọ̀ Sátidé, gbogbo wọn pàdé létí kánáà: Jẹ̀lílì, tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, Margaret, tí ẹnikẹ́ni kò pè, Hàmídù, lórí ìdọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, Hidaayah àti ọmọ. Kúlísúmù kò ní kí ọkùnrin náà dìde.

"Ọdún mẹ́fà. Ṣé o ò lẹ́nu ni, o ò lè bi mí?"

"Ìyá, ẹni tó bá béèrè, wọ́n lè sọ fún un pé rárá."

Jẹ̀lílì wúkọ́. Margaret wo ojú omi.

Kúlísúmù tú àpò. Ó gba ọkọ́, kò gbà kí Jẹ̀lílì bá a gbẹ́ ẹ. Ihò tí kò jìn, kó má baà kan ìkòkò. Ó gbé àgbọn náà sí i, ó kó iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ yíká. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó ṣe tán.

"Hàmídù. Ta ló gbin igi yìí?"

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. "Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Sọ ọ́ sókè kí Margaret gbọ́."

"Màmá Kúlísúmù ló gbin igi yìí."

Margaret ní etí òun ò di, àti pé ẹlẹ́rìí kì í ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, àgbọn méjì àkọ́so tòun ni. Jẹ̀lílì yọ fóònù, ó ya àwòrán ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kúlísúmù sọ ọ́ kó yé gbogbo wọn: èso igi, ti ìdílé bàbá òun. Ilẹ̀, ti ìdílé bàbá òun. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ti Tawheed, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọkọ́ kàn án mọ́, òun náà nínú.

Hàmídù dìde. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Bó ti ń gbọn ẹrẹ̀ àyà rẹ̀ nù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kúlísúmù wo ẹ̀rín náà dáadáa. Ìtura ni, àbí kí ni? Ó wò ó títí tí ọkùnrin náà fi yí ojú sí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Kò mọ irú ẹ̀rín tí í ṣe. Kò dájú pé òun á mọ̀ ọ́n láéláé.

Kó tó kúrò níbẹ̀, ó wo ikùn Hidaayah. Ó bi í bóyá òmíràn ti ń bọ̀.

Hidaayah fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní rárá, Màmá.

Kúlísúmù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ tó bá ti ń bọ̀, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún, kó tó pé oṣù mẹ́ta, kí òun lè fúnra òun yan ilẹ̀ tí wọ́n máa ri ibi ọmọ náà mọ́.