Àgbà Tí Mo Jí Lójú Oorun

Híhanrun Ìyé, ìyá bàbá mi, dákẹ́ lójijì. Ọ̀sán gangan ni. Òwú òfì ṣì nà gbọọrọ níwájú rẹ̀, ó ti fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ti sùn lọ. Èmi jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀, mò ń tú òwú tó lọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń wá èémí, ṣùgbọ́n kò sí èémí tó wọlé.

Ní Kàbà tiwa, ọmọdé kì í jí àgbà lójú oorun. Gbogbo ilé ló sì gbà pé ìlera ni híhanrun rẹ̀. Bó bá ti ń dún bí ọlọ ata, ìyá mi á rẹ́rìn-ín: "Oorun Ìyé dùn lónìí." Pé ó ń gé iyán kéékèèké kó tó lè gbé e mì, pé ohùn rẹ̀ ti wúwo, ara àgbà la kà á sí.

Ẹ̀rù bà mí. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo mì í jìgìjìgì.

"Ìyé! Ìyé o!"

Ìyá mi sáré jáde láti ìdí ààrò, ó ti gbọ́wọ́ sókè láti gbá mi létí. Ìgbà náà ni Ìyé fa èémí kan kíkankíkan, omi dà lójú rẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi rọra wálẹ̀.

Dókítà tó yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò ní kókó ọ̀rá ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ń dí ọ̀nà èémí, pàápàá tó bá sùn.

"Ọ̀rá kẹ̀?" Ìyé bi í. "Èmi tí mo máa ń bu ẹran mi fọ́mọ?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rá yìí ò béèrè ohun téèyàn jẹ. Ẹnu ni wọ́n gbà yọ ọ́.

Nígbà tó padà délé, oorun rẹ̀ ò láriwo mọ́, ọkàn wa ò sì balẹ̀. Bàbá mi á yọjú, á jí i. Ìyá mi á gbómi wá, á jí i. Lọ́jọ́ kan, Ìyé bínú dìde jókòó: "Ẹ jẹ́ n sùn o! Nígbà tí mò ń kú lọ, ta ló jí mi nínú yín? Ọmọ yìí nìkan ni kó máa jí mi."

Ó ti lọ báyìí, ogbó ló mú un lọ. Títí dòní, mi ò lè kọjá lára àgbà tó ń sùn láì dúró gbọ́ èémí rẹ̀. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, mo ń jí i. Àwọn kan ti bú mi pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n, inú mi á sì máa dùn, nítorí ẹni tó ń bú mi ń mí.