Àwọn Tó Ru Òkúta, Àwọn Tó Ru Yanrìn

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ má bá mi wí. Bí mo bá ní kí n dúró dìgbà tí inú mi bá rọ̀, n kò ní kọ ọ́ láéláé. Ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú kan dó nílẹ̀ Filipíìnì, nígbà tí àwọn ará Sípéènì ń jọba lé wọn lórí, ni mo fẹ́ sọ. N kò dé ìlú náà rí. Ẹ lè ní kí ló kan obìnrin Amukoko níbẹ̀. Ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́.

Warehouse Road ni ọ́fíìsì wa wà, l'Àpápá. Àwa la máa ń kó oúnjẹ àti omi fún àwọn ọkọ̀ òkun tó bá gúnlẹ̀. Lọ́dún náà, ọkọ̀ kan wá jókòó sí Kírìkìrì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, wọ́n sì ń retí irin kan láti òkè òkun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pè é, oṣù mẹ́ta ló gbà. Kúùkù ọkọ̀ náà, bàbá kúkúrú kan tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ló máa ń wá sídìí tábìlì mi láti wá fọwọ́ sí ìwé ìrẹsì àti ẹja. Ọmọ Filipíìnì ni. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀, èmi náà kò kẹ̀rẹ̀, la bá di ọ̀rẹ́.

Àkókò yẹn gan-an ni ìjọ wa l'Amukoko ń múra àjọ̀dún ìdásílẹ̀, tí kọmití sì ní kí n bá àwọn kọ ìtàn ìjọ, torí pé èmi ni wọ́n mọ̀ tó mọ kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn nígbà yẹn, òpè ni mí. Mo ń tẹ ìparí rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan tí kúùkù wọlé, ó bi mí pé kí ni mò ń kọ, mo sì sọ fún un. Mo wá bi òun náà pé ta ló tẹ ìlú wọn dó. Ó rẹ́rìn-ín.

"Èwo lẹ fẹ́ gbọ́, madam? Tara ògiri ni, àbí ti ìyá ìyá mi?"

Mo ní kí ló ń jẹ́ tara ògiri. Ó ní wọ́n lẹ òkúta kan mọ́ ara ṣọ́ọ̀ṣì ìlú àwọn, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí i pé àlùfáà Àgùdà kan láti Sípéènì ló dá ìlú náà sílẹ̀. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ọjọ́ tí àlùfáà yẹn kọ́kọ́ ṣe ìsìn níbẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ọjọ́ ìbí ìlú, òun náà ni wọ́n sì ń fi ṣọdún títí dòní.

"Ti ìyá ìyá mi ló gùn," ló wí.

Ìyá ìyá rẹ̀ ní àwọn èèyàn ti ń gbé lẹ́nu odò yẹn kí babańlá àlùfáà náà tó dáyé. Ilé wọn tú ká, mẹ́wàá níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, kálukú létí oko rẹ̀ àti létí ibi tó ń so ọkọ̀ ẹja mọ́. Orúkọ igi kan tó pọ̀ létí omi ni wọ́n fi ń pe ibẹ̀. Àlùfáà dé pẹ̀lú ṣọ́jà. Ó gbé agogo kọ́ sókè, ó ní gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka òun sí èèyàn gbọ́dọ̀ wá máa gbé níbi tí etí rẹ̀ yóò ti máa gbọ́ agogo náà. Àwọn tó wá, wọ́n wọn ilẹ̀ fún wọn yí pápá kan ká: ṣọ́ọ̀ṣì níwájú, ilé àwọn olóyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn mẹ̀kúnnù lẹ́yìn pátápátá. Àwọn tí kò wá, wọ́n dáná sun ahéré wọn. Àwọn kan sá gun òkè lọ, wọn kò sì padà mọ́. Ẹ mọ ohun tí ìwé ìjọba wá ń pe àwọn yẹn? Olè! Ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, òun náà ni wọ́n tún ń pè lólè. Mo fọwọ́ gbá tábìlì. Kúùkù ní kí n rọra, pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Mo ní kò tíì pẹ́ létí tèmi, ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Wọ́n gba orúkọ ìlú náà lẹ́nu wọn, wọ́n fi ti ẹni mímọ́ kan rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó tún yá, wọ́n ní orúkọ àwọn èèyàn gan-an kò wu àwọn. Ìjọba kó ìwé orúkọ ránṣẹ́, àlùfáà ṣí ojú ewé tó kan ìlú wọn, ó ní kí bàálé kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan níbẹ̀. Bí odindi ìlú ṣe di ẹni tí lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn nìyẹn. Abájọ! Mo ti rò pé òun àti àwọn méjì mìíràn nínú ọkọ̀ yẹn jẹ́ ọmọ ìyá ni. Mo tilẹ̀ ti kí i rí pé ìyá wọn gbìyànjú. Èmi tí wọ́n fi oyin àti iyọ̀ sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí ìyá bàbá mi àti ìyá ìyá mi ń to orúkọ lé mi lórí, ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gidi. Ta ló fún wọn láṣẹ? Ta ló bí wọn léèrè?

Ó wá kan ṣọ́ọ̀ṣì. Òkúta inú òkun ni wọ́n fi kọ́ ọ, irú èyí tó ní ihò wínníwínní lára. Ogójì ọjọ́ lọ́dún ni ọkùnrin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ fún ìjọba, ì báà jẹ́ àkókò ìkórè. Bí omi bá ti fà, wọ́n á wọ inú ẹrẹ̀ lọ gé òkúta, wọ́n á rù ú gòkè. Àwọn obìnrin ń kó ẹyin adìyẹ wá, torí pé funfun ẹyin ni wọ́n ń pò mọ́ ohun tí wọ́n fi ń lẹ òkúta mọ́ra kó lè le. Ọmọ wọn kò rí ẹyin jẹ, ògiri ń jẹ ẹyin! Lọ́dún kan ilẹ̀ mì tìtì, ògiri wó, wọ́n ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Kúùkù kì í ṣe òpùrọ́. Ó ní nígbà tí àwọn akónilẹ́rú bá gba ojú òkun dé láti ìhà gúúsù, inú ògiri yẹn náà ni gbogbo ìlú máa ń sá sí, ó sì gba ẹ̀mí là. N kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́, èmi náà sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Mo bi í pé orúkọ mélòó nínú àwọn tó ru òkúta ló wà lára ògiri náà.

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Kò sí. Ìdí nìyẹn tí ìyá ìyá mi fi máa ń fọwọ́ kan ògiri kó tó wọlé. Á ní, ẹ gbà mí láyè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rù ú."

Mo bú àlùfáà Sípéènì yẹn títí mo fi délé. Kò sí èébú Ajégúnlẹ̀ tí n kò bù fún un, mo fi Yorùbá bú u, mo fi pijin lé e.

Ọ̀dọ̀ mi ni màmá mi ń gbé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò sì ríwèé kà mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló ní kí n ka ìtàn ìjọ tí mo ti parí, tí mo sì ti fi ránṣẹ́ sí kọmití, sí òun létí. Mo tún jókòó dáadáa, mo kà á pẹ̀lú fáàrí: bí àlùfáà kan ṣe ti Ìsàlẹ̀ Èkó wá dá ìjọ sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, orúkọ alága àkọ́kọ́, orúkọ ẹni tó ra dùùrù, orúkọ ẹni tó fi agogo tọrẹ. Mo parí rẹ̀ bí gbogbo ìtàn ìjọ ṣe máa ń parí: "àti àwọn mìíràn tí àyè kò gbà wá láti dárúkọ wọn."

Màmá wá ní, "Àwa dà?"

"Ẹ̀yin wo, màmá?"

"Àwa tá a ru yanrìn."

Ẹ wá wo ẹnu mi. Mo ní, "Ẹ wà láàárín àwọn mìíràn, mà."

Kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé wọ́n ru yanrìn. Ta ni kò mọ̀ l'Amukoko? Orí omi ni ilẹ̀ ìjọ wà tẹ́lẹ̀. Àlùfáà ìgbà náà ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé ìsìn láìru abọ́ yanrìn kan wá dí omi náà. Òfin gbogbo èèyàn ni, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ní ó ti rẹ àwọn láti ibi iṣẹ́ ní wáàfù. Obìnrin mẹ́sàn-án ló ń ru ti gbogbo ilé. Láti ìdájí Sátidé ni wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ yanrìn létí omi, wọ́n á máa rù ú lọ rù ú bọ̀, ẹrọ̀fọ̀ dé orúnkún. Ohun tí n kò mọ̀ ni èyí tó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀ tòun ti abọ́ lórí, oyún oṣù márùn-ún sì bàjẹ́ lára òun lọ́sẹ̀ náà, oyún tó ṣáájú mi.

"Sátidé kejì, mo padà síbẹ̀," ló wí. "Kí ni ǹ bá tún ṣe? Ṣáà jẹ́ kí wọ́n pè wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n fi etí mi gbọ́ ọ kí n tó lọ."

Háà! Èmi tí mo bú àlùfáà tó ti jẹrà láti ọjọ́ pípẹ́, èmi náà ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo gbẹ́ òkúta tèmi. Ìyá tó bí mi ni mo kọ ní "àwọn mìíràn." Inú bí mi sí ara mi.

Mo gbé bírò, mo ní kó pe àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fún mi. Ó pè wọ́n bí ẹni tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń pe èèyàn, àgbà síwájú. Òun ló kéré jù nínú wọn nígbà náà, ló bá fi ara rẹ̀ kẹ́yìn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n fi tirẹ̀ síwájú, ó ṣe tán òun nìkan ló kù láyé.

"Kí wọ́n lè sọ pé n kò mọ àgbà? Ó tì o."

Mo mú orúkọ náà lọ bá alága kọmití. Wọn kò tíì bí alága yìí nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ omi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Sísítà, ìwé ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Àti pé, méjì nínú àwọn wọ̀nyí ti lọ di aláṣọ funfun. Ẹ wo eléyìí, ó fẹ́ Mùsùlùmí, Àlàájà ni nígbà tó kú. Báwo la ṣe máa fi Àlàájà ṣe olùdásílẹ̀ ìjọ?"

Mo ní, "Ẹ lọ hú yanrìn tirẹ̀ jáde nígbà náà, sà."

Ó ní mo rí òun fín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kúùkù wá dágbére lọ́sẹ̀ yẹn, irin wọn ti dé. Mo rojọ́ fún un pé wọ́n kọ̀, ìwé ti jáde. Ó ní, "Madam, ìyá ìyá mi kò ní òkúta tó máa gbẹ́ nǹkan sí. Ẹnu ló fi sọ ọ́. Ẹ wò ó bó ṣe dé Kírìkìrì." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ.

Èmi ni wọ́n ti yàn láti ka ìtàn lọ́jọ́ àjọ̀dún, ó sì ti pẹ́ jù fún wọn láti yí i padà. Mo ka ti ìwé bó ṣe wà, mo dé "àti àwọn mìíràn." Mo yọ ìwé tèmi lápò. Mo ní, "Àwọn mìíràn náà nìwọ̀nyí." Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbà. Ní orúkọ kẹta, bàbá kan lẹ́yìn kígbe pé, "Ìyá mi nìyẹn o!" Nígbà tí mo pe Àlàájà, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tí mo ti ránṣẹ́ pè, tí wọ́n wá pẹ̀lú híjáàbù lórí, dìde dúró. Alága ń ju ọwọ́ sí ẹni tó ń bójú tó máíkì. Mo pe ìkẹjọ tán, máíkì kú.

Mo fi ọ̀fun ara mi pariwo ìkẹsàn-án. Gbogbo ìjọ ló gbọ́ ọ kí wọ́n tó dá orin lé e. Mo wo àga iwájú. Màmá mi nà síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn etí. Láìsí máíkì, etí rẹ̀ kì í gbọ́ nǹkan lókèèrè.

A ń lọ sílé, ó dì mí lápá mú. Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ táyà, ó dúró.

"Mo gbọ́ àwọn mẹ́jọ. Wọ́n ṣeun, àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé o pe tèmi?"

Mo sún mọ́ etí rẹ̀. "Mo pè é, màmá. Mo pariwo rẹ̀."

"N kò gbọ́ ọ. Pè é."

N kò tíì pe ìyá mi lórúkọ lójú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ wo ló jẹ́ dán an wò? Mo ní, "Ní títì níbí, mà?"

"Pè é."

Mo pè é. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ó ní kí n tún un pè, kò dé etí òun dáadáa. Mo pariwo rẹ̀ tòun ti orúkọ bàbá tó bí i, àwọn tó ń pààrọ̀ táyà gbójú sókè, ẹnìkan ní, "Ah, na ìm mama bi dat o!" Omi ń dà lójú mi, inú sì ń bí mi síbẹ̀, títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ló ń bí mi.

Màmá jẹ́ ìpè mi. Ó ní, "Èmi nìyí o," bí ẹni tí wọ́n pè ní ilé ìwé.