SSD Kékeré Tí Mo Rà ní Olódò

Òórùn òjé tó ń yọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Olódò. Á dà pọ̀ mọ́ eruku títì àti òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín ní òdìkejì ọ̀nà, débi pé títí dòní, bí mo bá gbóòórùn àkàrà, kọ̀ǹpútà ni ọkàn mi máa ń lọ bá.

Láti Lálúpọn ni mo ti gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi wá lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe jẹun: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìdúpẹ́ àwọn aládùúrà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà ló ń já mi láyà. Háàdì inú kọ̀ǹpútà náà, ìyẹn ibi tí gbogbo ohun tí a bá tọ́jú ń gbé, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan àwo. Inú rẹ̀ sì ni gbogbo wáàsí bàbá mi wà. Àlùfáà ni wọ́n, ọdọọdún ni mo sì máa ń ya wáàsí ààwẹ̀ wọn, títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlù wọ́n, tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ohùn wọn tó kù láyé, inú kọ̀ǹpútà yẹn ló wà.

Ọ̀rẹ́ mi fetí sí ìró náà, ó mi orí. "Èyí ti ń lọ o. SSD, háàdì ìgbàlódé, ni kó o rà. Kò ní ohun tó ń yí nínú bíi ti àtijọ́ yìí."

Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Mo ti rí ọ̀kan lọ́jà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó tóbi, tó lè gba gbogbo fídíò mi kí àyè tún ṣẹ́ kù, kò sì wọ́n. Nínú ti ilé-iṣẹ́ tí àwọn èèyàn mọ̀ dáadáa, kékeré ni owó mi ká. Màmá mi, tí wọ́n mọ̀ pé mo lè ra háàdì tuntun, sì ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé: "Ńlá ni kó o rà o. Ta ló ń fi owó gidi ra kékeré?"

Ọ̀rẹ́ mi ò bá mi jiyàn. Ó kàn mú irú ńlá olówó pọ́ọ́kú yẹn kan jáde, èyí tí oníbàárà kan dá padà. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ń da fídíò sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní gbogbo rẹ̀ ti wọlé. Nígbà tí a wá ń ṣí wọn, àwọn àkọ́kọ́ ń lọ geere. Nígbà tó yá, òkùnkùn lásán la ń rí.

"Kékeré ni èyí náà," ó ní. "Wọ́n kàn ṣe é kó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé òun tóbi. Ohun tó bá ti kọjá àyè inú rẹ̀, ó sọnù nìyẹn. Ẹni tó ṣe é ni kó o wò, kó o sì bèèrè bóyá wọ́n máa gbà á padà tó bá bàjẹ́."

Mo ra kékeré, èyí tó ní wáráńtì. Ọ̀rẹ́ mi dán òun náà wò lójú mi. Kò sí fídíò tí kò ṣí. "Àmọ́ kò ní gba gbogbo ẹrù rẹ," ó ní. "Lọ yan èyí tó o fẹ́. Má sì jẹ́ kí háàdì àtijọ́ yẹn ṣiṣẹ́ jù."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà, ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ni èmi tí màá yan èyí tó máa parun nínú ohùn bàbá mi? Bí mo ṣe délé, mo pinnu pé bàbá mi fúnra wọn ló máa yàn.

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Màá ṣí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì sókè. Ó yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí wáàsí kọjá, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó wá kan fídíò kan tí mo fi dán kámẹ́rà wò nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, tí mo ti fẹ́ pa rẹ́. Nínú rẹ̀, bàbá mi ń wá tẹ̀sùbáà wọn káàkiri yàrá, tẹ̀sùbáà sì wà lọ́rùn ọwọ́ wọn. "Àbẹ̀ní! Àbẹ̀ní o! Níbo lo gbé tẹ̀sùbáà mi sí?"

"Mo ń bọ̀ o, Àlùfáà!" Màmá mi ló dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n sáré yọ sí wa pẹ̀lú ọwọ́ tútù, kí wọ́n tó rí i pé inú kọ̀ǹpútà ni ìpè náà ti wá. Wọ́n dúró síbẹ̀. Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì wọn sókè, wọn ò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí mo fi ní, "Mo ti rí i, Bàbá."

Bàbá mi ti di ẹni Ọlọ́run báyìí. Mo máa ń rò ó pé ká ní ńlá tòótọ́ ni owó mi ká, ńṣe ni ǹ bá kó gbogbo fídíò náà sínú rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, mi ò sì ní mọ ohun tó wu àlùfáà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wàásù fún ìlú pé kó kù lẹ́yìn òun.

Nígbà míì, lẹ́yìn ìrun àsárì, màmá mi á wá jókòó tì mí. "Jẹ́ kí wọ́n pè mí," ni wọ́n máa ń sọ. Màá ṣí i. Bàbá mi á pe Àbẹ̀ní, màmá mi á sì dáhùn.